‘Semper Fidelis’: Orin ológun tó mú wa pàtẹ́wọ́, tó sì mú ìyá wa dákẹ́

Nígbà tí báńdì ológun bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ní pápá ìyan Parris Island, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, gbogbo àwa ọmọ dìde, a ń pàtẹ́wọ́. Àbúrò wa ọkùnrin wà láàárín àwọn ọmọ ogun Marine tuntun tó ń yan bọ̀. A kò tilẹ̀ lè dá a mọ̀, nítorí aṣọ kan náà, fìlà kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Ọ̀sẹ̀ 13 ló ti lò níbẹ̀, ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ sì nìyí. Mọ́mì nìkan ni wọ́n jókòó. Wọ́n gbé báàgì wọn lé itan, wọ́n dì í mú gírígírí, ojú wọn kò sì kúrò lára àwọn tó ń lu ìlù.

A rò pé omijé ayọ̀ ló fẹ́ bọ́ lójú wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí orin náà parí, ohun tí Mọ́mì sọ ni pé: “Irú orin tí wọ́n máa ń gbé sórí rédíò nígbà tí ṣọ́jà bá gbàjọba nìyí.”

Ọ̀rọ̀ náà ṣe wá bákan. Àwa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ibi ìdíje bọ́ọ̀lù, ibi ayẹyẹ òmìnira ní oṣù Keje àti ibi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde la ti mọ irú orin báyìí. Àwọn kan nínú wa ti fọn irú rẹ̀ rí nínú báńdì ilé ìwé girama. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé orin tó ń mú ẹsẹ̀ wa yá lè mú kí àyà ẹlòmíràn já. Torí náà, ní ọ̀nà ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí orin náà, a sì ń bi Mọ́mì léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí a rí la fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa.

Ọmọ àwọn tó ṣí wá láti òkè òkun ló kọ ọ́

Semper Fidelis ni orúkọ orin náà. Orin ìyan ni, èyí tí àwọn òbí wa ń pè ní máàṣì. John Philip Sousa ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún báńdì ológun ní ọdún 1888. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ ti gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun náà ló kọ The Stars and Stripes Forever, tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ di orin ìyan orílẹ̀-èdè náà ní 1987. Fèrè ńlá tí wọ́n máa ń gbé kọ́ èjìká níbi ìdíje bọ́ọ̀lù, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí agbòòrùn lókè orí ẹni tó ń fọn ọ́n, orúkọ Sousa ni wọ́n fi pè é ní sousaphone.

Ibi tí ọkùnrin yìí ti wá ló yà wá lẹ́nu. Washington ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1854, ṣùgbọ́n wọn kò bí àwọn òbí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ọmọ Potogí sì ni àwọn òbí bàbá náà. Bavaria, ní ilẹ̀ Jámánì, ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ká kúkú sọ pé irú wa ni: ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá. Bàbá rẹ̀ ń fọn trombone nínú báńdì àwọn Marine, inú ìró fèrè yẹn ni ọmọ náà sì dàgbà sí.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 13, ó pète láti bá báńdì sákọ́ọ̀sì kan sá lọ. Bàbá rẹ̀ gbọ́ fínrín. Kí ọmọ tó rí ẹsẹ̀ gbé, bàbá ti mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn Marine, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nínú báńdì wọn, ní oṣù Kẹfà ọdún 1868. Ẹ̀yin tí òbí yín ti fi orúkọ yín sílẹ̀ rí fún ẹ̀kọ́ ìṣirò ọjọ́ Sátidé láìbi yín léèrè, ẹ ó mọ bó ṣe rí lára rẹ̀.

Báńdì náà kì í ṣe kékeré. Òfin ló dá a sílẹ̀ ní 1798, ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì ń ṣeré fún, tó fi jẹ́ pé “ti Ààrẹ fúnra rẹ̀” ni wọ́n ń pè é. Ní 1880, Sousa di olùdarí rẹ̀ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26. Ọdún 12 ló lò níbẹ̀, lábẹ́ ààrẹ márùn-ún. Láàárín àkókò yẹn, ní 1883, àwọn Marine mú ọ̀rọ̀ Látìn méjì kan gẹ́gẹ́ bí àkọlé wọn: Semper Fidelis, ìyẹn “olóòótọ́ nígbà gbogbo”. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Sousa fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ orin rẹ̀ lórúkọ. Òun ni orin ìyan tí àwọn Marine ń lò níbi ayẹyẹ wọn títí dòní.

Bí wọ́n ṣe to orin náà

Ẹ wá a, kí ẹ fi sí etí. Kò gùn: bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ tí orin ìyan wà fún ni pé kó mú ẹsẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣísẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan ni àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà fi ń yan. Òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ṣùgbọ́n nínú orin yìí, Sousa pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ń ka méjì, orin ń ka mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orin náà fi fúyẹ́, tó dà bíi pé ó ń fò. Ẹni tó bá ti jó sí ìlù Yorùbá níbi òde àríyá mọ irú eré yìí dáadáa: ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀ ẹ́ ní méjì, ọwọ́ onílù ń pín in sí mẹ́ta. Bóyá ìdí nìyẹn tí ara wa fi gba orin náà kíákíá.

Láàárín orin, gbogbo fèrè dákẹ́ lójijì. Ìlù nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà ni fèrè wọlé pẹ̀lú ohùn kan tó rọrùn, tí ọmọdé lè fi ẹnu súfèé rẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Sousa ti kọ ohùn yẹn sílẹ̀ ṣáájú, nínú ìwé kan tó ń jẹ́ The Trumpet and Drum, tó ṣe ní 1886 láti fi kọ́ àwọn onífèrè àti onílù ológun níṣẹ́. Fèrè tí wọ́n ń pè ní bugle ló ní lọ́kàn. Bugle kò ní ihò tí ìka ń dí, kò sì ní bọ́tìnì tí ìka ń tẹ̀. Ètè àti èémí ẹni tó ń fọn ọ́n nìkan ló ń yí ohùn rẹ̀ padà, ìwọ̀nba ohùn díẹ̀ ló sì lè mú jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni kàkàkí tí wọ́n ń fọn ní ààfin Ọ̀yọ́ rí.

Kó tó di pé rédíò dé, bugle ni wọ́n fi ń sọ fún ṣọ́jà pé kó jí, kó jẹun, kó kọlu ọ̀tá, kó padà sẹ́yìn. Àṣẹ ló jẹ́ kó tó di orin.

Sousa jẹ́ kí fèrè sọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn pẹ̀lú ìlù. Ó tún un sọ, àwọn fèrè mìíràn wá bá a. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo báńdì gbà á, àwọn kan ń dáhùn nísàlẹ̀, àwọn kan ń sáré lókè. Ohùn kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó yí i ká ló ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni orí wa wú ní Parris Island. Ibẹ̀ náà ni Mọ́mì ti di báàgì wọn mú.

Ohun tí Mọ́mì gbọ́

Ìbàdàn ni Mọ́mì dàgbà sí. Ọmọ ọdún 11 ni wọ́n ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983. Ilé ń múra ọdún tuntun, wọ́n ti ra adìẹ sílẹ̀. Bàbá àgbà tan rédíò láàárọ̀ láti gbọ́ ìròyìn, bí wọ́n ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ìròyìn kò wá. Fèrè àti ìlù ni. Orin kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ láàárín wọn.

“Bàbá mi ò sọ nǹkan kan,” Mọ́mì wí. “Wọ́n kàn dìde, wọ́n lọ ti géètì.”

Nígbà tó yá, ohùn ọ̀gágun kan dé, ó ní àwọn ológun ti gba ìjọba. Bí ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ṣe dópin nìyẹn, tí Muhammadu Buhari sì gorí àlééfà. Sani Abacha ni orúkọ ọ̀gágun tó sọ̀rọ̀. Ilé Bàbá àgbà kò mọ orúkọ yẹn nígbà náà. Wọ́n padà mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ó tún ṣẹlẹ̀. Ibrahim Babangida ló dé lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1990, Mọ́mì ń múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì nígbà tí Major Gideon Orkar àti àwọn tó tẹ̀ lé e gba ilé iṣẹ́ rédíò ní Èkó. Ìdìtẹ̀ ọjọ́ yẹn kò yọrí, ṣùgbọ́n Mọ́mì ní àdúgbò àwọn ti dá páro kó tó di ọ̀sán. Nígbà tí Abacha fúnra rẹ̀ wá gba ìjọba ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé ìdìbò June 12 tí MKO Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀, Mọ́mì ní àwọn kò tilẹ̀ tan rédíò mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ kùtùkùtù ní Nàìjíríà ìgbà yẹn mọ ohun tó ń wí: ẹ má jáde, ìjọba ti yí padà, wọn kò sì bi yín. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń fi Mọ́mì ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n máa ń yí tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí ìyan ológun. A kò mọ̀ pé ejò ni wọ́n ń rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò wá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí pé Mọ́mì kan náà ló fẹ́ràn báńdì nígbà èwe wọn. Wọ́n ní báńdì Boys’ Brigade ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń fọn fèrè gba ìgboro kọjá, gbogbo ọmọdé á sì máa yan tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n yan fún ilé ìwé wọn níbi ìdíje eré ìdárayá, wọ́n ní àwọn ló wà níwájú. Orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kọ láràárọ̀ ní ilé ìwé, báńdì àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà lábẹ́ Benedict Odiase ló gbé ohùn rẹ̀ kalẹ̀ ní 1978. Fèrè kò ṣẹ̀ wọ́n. Ohun tó ṣẹ̀ wọ́n ni àárọ̀ tí fèrè ń dún, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀.

Olóòótọ́ sí ta ni?

Nígbà tí àbúrò wa kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ wọ Marine, ilé wa dàrú. Àwa náà mọ bí ó ṣe máa ń rí: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni a wá ṣe ní Amẹ́ríkà? Dádì béèrè bóyá ìjọba yóò san owó ilé ìwé rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Mọ́mì ní: “Ta lo fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ sí?” Wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà lára àsíá àwọn Marine gan-an ni wọ́n dì mú yẹn.

Ìbéèrè náà ti kan Sousa fúnra rẹ̀. Ní 1917, nígbà tí Amẹ́ríkà bá Jámánì wọ̀yá ìjà, ọmọ ọdún 62 ni, ó sì ti lówó, ó ti lókìkí. Ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi láti máa kọ́ àwọn báńdì wọn, owó oṣù dọ́là kan ṣoṣo ló sì ń mú. Ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti wá ni ogun náà dojú kọ.

Ó tún kan àwọn tó jọ wá ní àwọ̀. Nígbà tí Sousa kọ orin yìí, àwọn Marine kì í gba aláwọ̀ dúdú. Odidi ọdún 54 ni báńdì fi fọn “olóòótọ́ nígbà gbogbo” kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí. Àṣẹ tí Ààrẹ Franklin Roosevelt pa ní 1941 ló tì í, ní 1942 ni wọ́n sì gba àwọn aláwọ̀ dúdú wọlé. Síbẹ̀, wọn kò kó wọn lọ sí Parris Island. Montford Point, ní North Carolina, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. Bí 20,000 ọkùnrin ló gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa ní 1949. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ olóòótọ́ sí ilẹ̀ tí kò tíì jẹ́ olóòótọ́ sí wọn. Ó di 2012 kí wọ́n tó fi àmì ẹ̀yẹ wúrà ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà dá wọn lọ́lá, arúgbó sì ni èyí tó kù láyé nínú wọn.

Gbogbo èyí la kà sókè nínú mọ́tò. Àbúrò wa, tí wọ́n fún ní ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ṣì wà níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù. A ti búra pé ìwé òfin ilẹ̀ yìí la ó máa gbèjà.”

Mọ́mì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Àwọn tiwa náà búra.”

Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ nínú wa, títí kan àbúrò wa. A sì rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ṣọ́jà kankan gbé rìn títí ọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì ni. Bó bá jẹ́ pé ìdúnnú nìkan ló gbọ́ nínú orin náà, ìdajì rẹ̀ ló gbọ́. Bí Mọ́mì náà bá sì gbọ́ ẹ̀rù nìkan, wọn kò ní rí ọmọ wọn nínú àwọn tó ń yan kọjá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ méjì, àlọ nìkan la sábà máa ń gbọ́. Orin tó wà nínú fóònù yín, bóyá èyí tí ẹ fi kẹ́kọ̀ọ́ jáde ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn òbí yín ti gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn, lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ bi wọ́n. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ láàárín èrò.

Nígbà tí a sún mọ́ ilé, Mọ́mì ní ká tún gbé orin náà sí i. Ó yà wá lẹ́nu. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka gbá báàgì wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí gbogbo fèrè ti dákẹ́ tí ìlù nìkan kù, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Onílù yìí mọṣẹ́.” Bí fèrè ṣe fẹ́ wọlé, wọ́n ní ká dín ohùn rẹ̀ kù.

A dín in kù. Wọn kò ní ká pa á.